Àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀: fíìmù méjì àti ìgò tí wọ́n kọ "Sod. Sulph." sí lára

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni àbúrò tí mò ń kọ́ níṣẹ́ fọ́tò gbé fíìmù méjì wá bá mi. Ó ti sá wọn gbẹ, ó ti gé wọn, ó ká wọn sínú bébà funfun. Kò tíì kí mi tán tó fi na ọ̀kan sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Mi ò rí nǹkan kan lórí ẹ̀."

Mo gbé e sí ojú fèrèsé. Fíìmù náà mọ́ gaara bí omi inú ife. Láti ẹnu rẹ̀ dé ìdí, kò sí èèyàn, kò sí ògiri, kò sí òjìji. Mo mú èkejì, bákan náà ló rí. Ìyá rẹ̀ àgbà ló yà sórí méjèèjì. Lórí àkọ́kọ́, màmá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ń tàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kan. Lórí èkejì, ọwọ́ màmá nìkan ló yà, gbogbo fírémù 36. Ọmọ náà ti gbà nínú ara rẹ̀ pé kámẹ́rà òun ló bàjẹ́, pé ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn kékeré inú rẹ̀ tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kan fíìmù, ò ṣí. Owó tó máa fi tún un ṣe ló ń rò bó ṣe dúró síwájú mi.

Mo ní kó fara balẹ̀ ná. Àárín fíìmù lòun ń wò, etí rẹ̀ lèmi ń wò. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù máa ń fi ìmọ́lẹ̀ tẹ nọ́ńbà àti orúkọ rẹ̀ sí etí kí wọ́n tó dì í fún títà. Kámẹ́rà ò lọ́wọ́ sí i rárá. Bí ṣọ́tà ò bá ṣí, àárín fíìmù á ṣófo, ṣùgbọ́n nọ́ńbà etí á dúdú ketekete, torí dẹfẹ́lọ́pà, kẹ́míkà tó ń mú àwòrán yọ lára fíìmù, ló ń gbé e jáde. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí, etí rẹ̀ ṣófo bí àárín rẹ̀ ṣe ṣófo.

Kámẹ́rà bọ́ nínú ẹjọ́ nìyẹn. Ohun tó kù ò ju méjì lọ: yálà dẹfẹ́lọ́pà ò ṣiṣẹ́, tàbí fíksà ló ṣáájú rẹ̀ wọ inú táǹkì. Iṣẹ́ fíksà ni kó fọ iyọ̀ fàdákà tí dẹfẹ́lọ́pà ò sọ di fàdákà dúdú kúrò lára fíìmù. Bó bá ṣáájú, gbogbo rẹ̀ ni yóò fọ̀ lọ, kò ní ku nǹkan kan fún dẹfẹ́lọ́pà láti mú.

"Ṣé kì í ṣe fíksà lo kọ́kọ́ dà sí i?"

"Rárá o, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti so rọ́bà pupa mọ́ ọrùn ìgò fíksà, kí n má baà ṣì í mú. Ọwọ́ mi kan rọ́bà yẹn nígbà tí mo fẹ́ dà á, mo sì ti da dẹfẹ́lọ́pà nù kó tó dìgbà yẹn."

Mo gbà á gbọ́. Síbẹ̀ mo ní kó lọ gbé ìyókù dẹfẹ́lọ́pà náà wá, torí lítà kan ló pò, kò sì lò ó tán. Mo bu díẹ̀ sínú ife, mo gé ẹnu fíìmù kan tí ìmọ́lẹ̀ ti bà tẹ́lẹ̀, mo jù ú sí i lábẹ́ iná. Dẹfẹ́lọ́pà tó bá pé, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa fi sọ irú fíìmù bẹ́ẹ̀ di dúdú. A dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọ̀ rẹ̀ ò yí padà. Mo yọ ọ́, mo fi omi ṣàn án, mo jù ú sínú fíksà rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi mọ́ gaara. Fíksà dára. Dẹfẹ́lọ́pà ló ní ẹjọ́ í jẹ́.

D-23, oríṣi dẹfẹ́lọ́pà kan ti Kodak, ló pò. Èmi ni mo ní kó fi bẹ̀rẹ̀, torí kẹ́míkà méjì péré ló wà nínú rẹ̀: Metol gíráàmù 7.5, àti sodium sulfite tó gbẹ, gíráàmù 100. Èèyàn á gbé omi mílílítà 750 tó gbóná dé 52°C kalẹ̀, á kọ́kọ́ yọ́ Metol, á yọ́ sulfite tẹ̀lé e, á wá fi omi tútù sọ ọ́ di lítà kan. Mo ti rò pé kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè ṣì í ṣe.

Bó ṣe ń ròyìn fún mi ni mo rí i pé ó ṣiṣẹ́ gan-an lórí kẹ́míkà àkọ́kọ́. Nínú bébà tó dà á kọ, kò sí orúkọ tó ń jẹ́ Metol. "Elon" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Odidi ọjọ́ méjì ló fi wádìí ohun tó ń jẹ́ Elon. Ó rí i pé orúkọ tí Kodak fi ń ta Metol ni, pé àwọn míì tà á bíi Pictol, bíi Rhodol, bíi Genol, pé orúkọ tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń pè é ni p-methylaminophenol sulfate. Ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ó fa ilà sí ìdí rẹ̀. Orúkọ mẹ́fà, nǹkan kan ṣoṣo, kò sì ṣì í rà.

Orúkọ àjèjì ló mú kó béèrè. Ti kejì ò ṣàjèjì sí i, torí náà kò béèrè. Níbi tí mo ti rí i gan-an nìyí, mo sì ti ń rò ó láti ọjọ́ náà: àwọn orúkọ tó jìnnà síra wọn kì í sábà pa wá lára, torí wọ́n máa ń dá wa dúró. Àwọn tó jọra bí ìbejì ni èèyàn ń gbà kọjá láìwẹ̀yìn.

Mo ní kó gbé ìgò kejì wá. Ìgò oníke funfun ni, ìdérí rẹ̀ le dáadáa. Ẹni tó tà á ti lẹ tépù mọ́ ọn lára, ó fi báírò aláwọ̀ búlúù kọ ọ́ báyìí: Sod. Sulph. Anhyd. 500 g. Kò sí nǹkan míì.

Mo tọ́ka sí i fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. "Sod." ni sodium, ìyẹn ò ní wàhálà. "Anhyd." túmọ̀ sí pé kò sí omi nínú hóró rẹ̀, ìyẹn náà dáa, bẹ́ẹ̀ ni bébà D-23 ṣe fẹ́ ẹ. "Sulph." ńkọ́? Àwọn ìwé àtijọ́ máa ń kọ sulphite, sulphate àti sulphide. Ti òde òní ń kọ sulfite, sulfate, sulfide. Lẹ́yìn lẹ́tà tí ẹni yẹn dúró sí ni ìyàtọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó kọ "ọkọ" láìfi àmì kankan sí i, tó wá ní kí wọ́n bá òun rà á wá. Ọkọ́ la máa rà fún un ni, àbí ọkọ̀?

Mo ki bébà tí a fi ń mọ ásíìdì bọ inú dẹfẹ́lọ́pà náà. Lórí òṣùwọ̀n pH, 7 ni àárín; D-23 tó pé yẹ kó wà ní nǹkan bí 8, kó fì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ álíkálì, òdìkejì ásíìdì. Eléyìí pọ́n lọ sí ẹ̀gbẹ́ ásíìdì. Mo yọ́ páúdà inú ìgò náà nìkan sínú omi mímọ́, mo tún ki bébà míì bọ̀ ọ́: 7, bí ìgbà tí kò sí nǹkan kan nínú omi. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún sulfite tèmi, bébà náà sì fì sí àwọ̀ álíkálì lójú ẹsẹ̀.

Ìdánwò kan ṣì kù, ìṣọ́ra sì wà nínú rẹ̀ tí mi ò gbọ́dọ̀ fò. Mo ṣí ìgò náà, mo fi ọwọ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ ẹnu rẹ̀ wá síhà imú mi, kí n mọ̀ bóyá ó ń run bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Kò run. Ká ní ó run bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní fi ásíìdì kàn án láéláé, torí sodium sulfide ló máa jẹ́, gáàsì tí ásíìdì máa lé jáde lára rẹ̀ sì lè pa èèyàn nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ò ti ráyè wọlé. Ìgbà tó dá mi lójú pé kò run ni mo ṣí fèrèsé, mo bu páúdà bí orí èékánná sínú ife kékeré méjì, tèmi nínú ọ̀kan, tirẹ̀ nínú èkejì, mo sì kán omi citric acid sí wọn.

Tèmi hó díẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ta mí nímú láti ọ̀ọ́kán, bí òórùn ìṣáná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá. Gáàsì sulphur dioxide nìyẹn, ara sulfite ló ti ń jáde. Tirẹ̀ dákẹ́. Kò hó, kò run, ó kàn yọ́ sínú omi.

"Sulfate ni wọ́n tà fún ẹ," mo sọ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé lẹ́tà kan yẹn ló fa gbogbo èyí?"

Lẹ́tà kan ni lójú ìwé. Nínú kẹ́míkà, ọ́síjìn kan ni. Sulfite ni Na₂SO₃, sulfate ni Na₂SO₄. Sulfite ṣì ń wá ọ́síjìn kún ara rẹ̀, ìdí nìyí tí a fi ń fi sí dẹfẹ́lọ́pà: ó máa ń gba ọ́síjìn inú omi àti ti afẹ́fẹ́ mọ́ra kó tó dé ara Metol. Sulfate ti yó, kò wá nǹkan kan mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ dẹfẹ́lọ́pà, álíkálì míì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sulfite. Borax ló wà nínú D-76, fún àpẹẹrẹ. Bí wọ́n bá ṣì sulfite rà síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí àwòrán tó fẹ́lẹ́, tó dọ̀tí, ṣì yọjú. D-23 ò ní álíkálì míì. Sulfite nìkan ló gbé iṣẹ́ méjèèjì lérí. Metol fúnra rẹ̀, bí a ṣe ń tà á, ásíìdì ló ń fì sí nínú omi, kò sì lè sọ iyọ̀ fàdákà di dúdú láìsí álíkálì lẹ́yìn rẹ̀. Yíyọ tí a yọ sulfite kúrò, a ti yọ gbogbo dẹfẹ́lọ́pà kúrò. Ohun tó dà sínú táǹkì fún ìṣẹ́jú méjìlá kò yàtọ̀ sí omi lójú fíìmù.

Mo fẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Mo bu dẹfẹ́lọ́pà tó kú náà sínú ife mímọ́, mo ju ẹnu fíìmù míì sí i, mo gbé e sábẹ́ iná, mo sì fún un ní sulfite tèmi àti ṣíbí. Ó da ṣíbí kan sí i, ó rọra rò ó. Àwọn hóró náà jókòó sí ìdí ife fúngbà díẹ̀, wọ́n ń tú díẹ̀díẹ̀, omi ẹ̀gbẹ́ wọn ń mì bí afẹ́fẹ́ ojú títì nígbà oòrùn. Fíìmù náà ṣì ní àwọ̀ eérú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú kan, etí rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, apá tó sún mọ́ ibi tí sulfite ti ń tú. Òkùnkùn náà rìn láti etí wọ àárín. Nígbà tó máa fi tó ìṣẹ́jú bíi mélòó kan sí i, ó ti dúdú bí èédú. Àbúrò mi ò sọ̀rọ̀. Ó tẹ orí ba lórí ife náà títí.

Nǹkan kan ṣì wà tí mo ní láti yẹ̀ wò kí n tó di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni. Sulfite tí wọ́n bá fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ máa ń gba ọ́síjìn díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa di sulfate fúnra rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ojúlówó ni wọ́n tà fún un, tó wá gbó sínú ìgò. A pe ẹni tó tà á. Ó lọ wo àpò ńlá tó ti bù ú: Na₂SO₄ ló wà lára rẹ̀. Orí fóònù ni àbúrò mi ti sọ ohun tó fẹ́, sulfite ló pè, sulfate ni onítọ̀hún gbọ́, kò sì sí ẹni tó pe àmì kẹ́míkà fún ẹnì kejì. Ó bẹ̀bẹ̀, ó sì fi èyí tó tọ́ ránṣẹ́.

A ò da sulfate náà nù. Ó níṣẹ́ tirẹ̀ nínú dákúrúùmù, yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fíìmù. Níbi tí ooru bá ti mú, tí omi ò ṣeé mú tutù, jẹlatíìnì ara fíìmù máa ń wú, ó sì máa ń rọ̀. Sodium sulfate máa ń dín wíwú náà kù. Ìdí nìyí tó fi wà nínú àwọn dẹfẹ́lọ́pà tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ olóoru, DK-15 ti Kodak jẹ́ ọ̀kan. Nínú irú bébà ìpò bẹ́ẹ̀, ìlà kan ni sulfite wà, ìlà míì ni sulfate. Mo ti rí ẹni tó rò pé àṣìṣe ìtẹ̀wé ni, tó sì yọ ọ̀kan kúrò.

Ọjọ́ kejì la kó gbogbo ìgò inú yàrá òkùnkùn sílẹ̀. Èyí tó gbà wá lákòókò jù ni hypo.

Gbogbo ẹni tó bá fọ fíìmù rí ló mọ hypo, ìpìlẹ̀ fíksà ni. Lọ́dún 1819, John Herschel sọ ọ́ di mímọ̀ pé iyọ̀ yìí máa ń yọ́ iyọ̀ fàdákà, èyí tí omi lásán ò lè yọ́. Nígbà tí iṣẹ́ fọ́tò jáde lọ́dún 1839, òun náà ló fi hàn pé a lè fi dá àwòrán dúró kí ìmọ́lẹ̀ má tún pa á mọ́. Hyposulphite of soda ni wọ́n ń pè é nígbà náà, ibẹ̀ la ti gé hypo. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà tún orúkọ ṣe: ó di sodium thiosulfate, Na₂S₂O₃. Ìyẹn ìbá má burú, àmọ́ wọn ò jẹ́ kí orúkọ àtijọ́ sinmi. Wọ́n gbé hyposulfite fún nǹkan míì, Na₂S₂O₄, èyí tó tún ń jẹ́ dithionite, tó tún ń jẹ́ hydrosulfite. Àwa ayàwòrán ò fi hypo sílẹ̀ ní tiwa. Bó bá wá jẹ́ pé bébà ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn lèèyàn mú dání, tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó wá hyposulphite of soda gíráàmù 250, tó sì fi orúkọ yẹn gan-an wá a lóde òní, ó lè ra dithionite wálé. Dithionite ò lè fíksì fíìmù. Èyí tó bani lẹ́rù jù ni pé bí omi díẹ̀ bá kan páúdà rẹ̀ nínú àpò, ó lè máa gbóná fúnra rẹ̀ títí tó fi máa gbaná.

Bẹ́ẹ̀ ni kò tán síbẹ̀. Hypochlorite, kẹ́míkà omi tí a fi ń bó aṣọ funfun, náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú hypo, kò sì bá fíksà tan rárá. "Hypo clearing agent" ní tirẹ̀ ò ní hypo kankan nínú: sulfite ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó bá omi lé hypo jáde lára bébà fọ́tò. Àbúrò mi ti fẹ́ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì rí. Ọ̀nà tí mo fi ń dá thiosulfate mọ̀ rọrùn: bí a bá kán ásíìdì sí omi rẹ̀, yóò dúró díẹ̀, yóò wá funfun bíi wàrà, torí ìmí-ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀ ń já sílẹ̀. Sulfite máa ń run, àmọ́ omi rẹ̀ ò ní funfun.

A rí Glycin náà níbẹ̀. Èyí tí a ń lò fún fíìmù ò ní lẹ́tà e nídìí, N-(4-hydroxyphenyl)glycine ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Glycine tó ní e ni èyí tó wà nínú oúnjẹ àti ara èèyàn. Kò lè fọ fíìmù kankan. Potassium ferricyanide pupa àti potassium ferrocyanide aláwọ̀ òféèfé, ojú la fi dá wọn mọ̀, a sì tẹ̀ síwájú.

Ti omi inú hóró ló gbà mí lọ́rọ̀, torí níbẹ̀, orúkọ lè tọ̀nà kí ìwọ̀n sì bàjẹ́. Sodium sulfite tó ní omi méje nínú hóró rẹ̀ wúwo ní ìlọ́po méjì gẹ́lẹ́: ibi tí bébà bá ti ní gíráàmù 100 tó gbẹ, 200 lèèyàn máa wọ̀n. Sodium carbonate tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí oríṣi mẹ́ta ló wà lọ́jà. Gíráàmù 100 èyí tó gbẹ jẹ́ 117 èyí tó ní omi kan, ó sì jẹ́ 270 èyí tó ní omi mẹ́wàá. Hypo yàtọ̀ sí wọn: oníhóró tó ní omi márùn-ún ni ọ̀pọ̀ bébà ń bá a wí, nígbà tó jẹ́ pé 64 èyí tó gbẹ ti tó ní ipò 100 rẹ̀. Àwọn ìwé àtijọ́ kan ò kọ anhydrous, desiccated ni wọ́n ń kọ. Ìkan náà ni.

Ohun tí a kọ sára ìgò kọ̀ọ̀kan báyìí ni orúkọ ní kíkún láìgé e, àmì kẹ́míkà rẹ̀ pẹ̀lú iye omi inú hóró, àti ọjọ́ tí a ṣí i. Nígbàkígbà tí a bá sì fẹ́ da dẹfẹ́lọ́pà sí fíìmù, ẹnu fíìmù kan máa ń kọ́kọ́ wọ inú ife ná. Àbúrò mi ló kọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Lára ìgò sulfate yẹn, lẹ́tà a tó kọ tóbi ju àwọn yòókù lọ.

Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ti lọ, ó sì dùn mí nítorí rẹ̀, torí ó ti ròyìn rẹ̀ fún mi dáadáa kó tó fọ fíìmù náà. Màmá gbà láti tún jókòó fún un lọ́jọ́ míì. Ó pò D-23 tuntun, ó ju ẹnu fíìmù sí i, ó dúdú, ó sì wọ inú òkùnkùn lọ. Ẹnu ilẹ̀kùn ni mo dúró sí nígbà tó fíksì tán. Ó tú fíìmù náà kúrò lára réẹ̀lì, omi ń kán sí i lẹ́sẹ̀, ó gbé e sókè sí iná. Kò wo ojú màmá. Etí ló kọ́kọ́ wò.

"Ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà wà níbẹ̀."